Ẹ̀pà Inú Kọ̀ǹpútà Bàbá Àkàndé

Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín ti jókòó ro ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́? Ẹ óò ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lásán ni, pé kí kálukú mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Wọn ò sọ òótọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ náà ní orísun, Ṣakí ló sì ti ṣẹlẹ̀, nílé Bàbá Àkàndé tó ń gbin iṣu. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé, ẹ bi í pé ojú ta ló ṣe.

Bàbá Àkàndé ní ọmọkùnrin kan ní Kánádà, Rántí lorúkọ rẹ̀. Rántí bí ọmọbìnrin kan sọ́hùn-ún, Àyọ̀ká ni Bàbá ń pè é. Ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ yìí ló ń jẹ Bàbá lọ́kàn. Tí wọ́n bá pe ara wọn lórí fóònù, Àyọ̀ká á ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá àgbà," ì báà ṣe alẹ́ ló lẹ́ níbí, á sì ti sá lọ. Ó ń dun Bàbá gan-an. Ẹ̀rù ń bà á pé òun á kú tán, ọmọ náà ò ní lè rántí ohùn òun.

"Bàbá, ẹ má bínú sí i," ni Rántí wí lọ́jọ́ kan. "Géèmù bọ́ọ̀lù ló gbà á lọ́kàn. Àwọn tí wọ́n bá jọ ń gbá a nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ nígbà yẹn."

"Níbo ni wọ́n ti ń gbá a?"

"Orí kọ̀ǹpútà ni. Kò síbi téèyàn ò ti lè bá a gbá a."

"Ó dáa. Sọ fún un kó máa retí mi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé."

Rántí ní kí òun fi owó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́. Bàbá ní ká má rí i, òun ò ní fi owó ọmọ wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ òun. Àbẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Rántí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dorí fóònù kodò kẹ́ ẹ tó gbé e sétí?" Bàbá ní ẹni tó kọ́ ebè kíkọ tó mọ̀ ọ́n, kò sóhun tí kò lè kọ́.

Ó di ṣọ́ọ̀bù Múfú, tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Ìyá kan ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì máa ń ṣépè fún olè tó ń dín àpò ẹ̀pà rẹ̀ kù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Múfú bi Bàbá léèrè iye tó mú dání, ó sì gbé kékeré kan jáde, aláwọ̀ eérú, tó rí pẹlẹbẹ. "Bàbá, èyí ló bá owó yín mu. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán géèmù wà nínú ẹ̀, fáànù ẹ̀ sì ń fẹ́ dáadáa."

Bàbá fi ọwọ́ kan gbé e, bó ṣe máa ń gbé iṣu lọ́jà. Ó mi orí. "Ó fúyẹ́. Iṣu tó bá fúyẹ́, inú ẹ̀ ti gbẹ."

"Bàbá, kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣu."

"Gbogbo ohun tí wọ́n bá ti ń tà, bákan náà là á ṣe yàn án."

Ojú rẹ̀ ti dé ìsàlẹ̀ pẹpẹ. Dúdú kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ bí ọpọ́n, tó sì nípọn. Bàbá gbé e, ó wúwo. Ó fi ìka kàn án, ó gbé etí lé e. Ó mì í, ó sì ń ró ṣẹkẹṣẹkẹ.

"O ò gbọ́ nǹkan? Inú ẹ̀ kún."

"Kò yẹ kó máa ró, Bàbá. Ó ti pẹ́ nílẹ̀, wọ́n sì ti yọ ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ẹ̀. Ó ń tàn, àmọ́ agbára ẹ̀ ò tó ara ẹ̀."

"Ta lo fẹ́ gbé e pa mọ́ fún, Múfú?"

Ó sú Múfú. Ó fi géèmù náà sínú rẹ̀, ó ní bí kò bá ṣe é lò, kí wọ́n gbé e padà wá. Bàbá gbé e lé èjìká, ó gba ojú títì lọ sílé kí gbogbo ayé lè rí i.

Sátidé pé. Bàbá gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ojú Àyọ̀ká sì yọ nígun kan.

"Bàbá àgbà, o wá!"

Ọmọ Kánádà ò mọ "ẹ̀yin", Bàbá sì ti dárí jì í. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí ibi tó yẹ kó tẹ̀. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Àyọ̀ká ń fò sókè sódò, ti Bàbá dúró bí ẹni ń dúró de òjò.

"Bàbá àgbà, sáré!"

"Mò ń sáré."

"O ò sáré. O dúró."

Òótọ́ ni. Bàbá ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, kọ̀ǹpútà sì ń gbóná. Láìpẹ́, òórùn aládùn kan gba ilé. Àbẹ̀ní yọjú láti ilé ìdáná, ó ní, "Ta ló ń yan ẹ̀pà?" Kò sẹ́ni tó ń yan ẹ̀pà. Aládùúgbò kan gba ojú fèrèsé bèèrè bóyá èyí tóun máa tọ́ wò máa kù. Bàbá ò yíjú. Góòlù ń wọ àwọ̀n rẹ̀, ó ń kà á sí iṣẹ́ tí yóò dára bó bá yá.

Ológbò ilé ló wọlé kẹ́yìn. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó tẹjú mọ́ ọn. Àbẹ̀ní ní, "Ó jọ pé èyí náà fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù." Kó tó pa ẹnu dé, ológbò ti fò lù ú. Kọ̀ǹpútà dojú dé sílẹ̀, ìdérí ìdí rẹ̀ ṣí, ìyá eku àtàwọn ọmọ rẹ̀ tú jáde, ẹ̀pà yíyan sì dà tẹ̀lé wọn. Àbẹ̀ní gun àga. Ohun tí Bàbá gbọ́ kẹ́yìn kí ojú kọ̀ǹpútà tó ṣú ni ohùn Àyọ̀ká: "Bàbá àgbà, kí ni yẹn?"

Ọkàn Bàbá bàjẹ́. Ọmọ tí òun ti ń pè látọdúnmọ́dún ló ń pè é báyìí, kò sì rí ọ̀nà dá a lóhùn. Kò wọ bàtà. Ó gbé kọ̀ǹpútà sábíyá, ó ń lọ sọ́dọ̀ Múfú.

Múfú tú u palẹ̀. Igun kan ni ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ há sí. Òwú, bébà yíya àti èèpo ẹ̀pà ló kún gbogbo ìyókù. Ìyá ẹlẹ́pà bẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Olè mi rèé."

"Tú kékeré yẹn náà," ni Bàbá wí.

Múfú tú u. Gbogbo inú rẹ̀ ló kún fún ẹ̀rọ, Bàbá ò rí àyè ti ìka bọ̀ ọ́. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ìtẹ́ eku náà.

"Mo ṣe bí kọ̀ǹpútà ló tóbi. Àṣé mọ̀lẹ́bí eku ló tóbi. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Múfú, gbé kékeré yẹn fún mi kíá, ọmọ mi ń dúró."

Lóòótọ́ ló ń dúró. Nígbà tí Bàbá tan kékeré náà, Àyọ̀ká ò tíì kúrò níbẹ̀, kò sì mẹ́nu ba bọ́ọ̀lù, eku ló ń bèèrè. Ṣé eku náà yè? Kí lorúkọ àwọn ọmọ rẹ̀? Ta ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yan ẹ̀pà? Bàbá ń dáhùn, ó ń bù mọ́ ọn díẹ̀, ó sọ ohun tóun wí ní ṣọ́ọ̀bù Múfú fún un, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń purọ́ pé ooru ni. Látìgbà náà, Sátidé kan kì í kọjá kí wọ́n má gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Bàbá ti ń sáré báyìí, bí wọn ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Lọ́jọ́ kan Rántí bọ́ síwájú kámẹ́rà. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi kọ̀ǹpútà ńlá kan ránṣẹ́ sí yín."

Bàbá la ẹnu láti fèsì, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti Kánádà, pẹ̀lú Yorùbá tó ń tiro:

"Rárá o, Dádì. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́."