Orúkọ Ọmọ Nínú Kọ̀ǹpútà Ìyá Mojíre

Ní ọ̀sán Sátidé kan lọ́dún 1999, Lágúnjú tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní yunifásítì jókòó sí pálọ̀ Ìyá Mojíre aránṣọ ní àdúgbò Mayfair nílùú Ifẹ̀, ó ń so wáyà tẹlifóònù mọ́ kọ̀ǹpútà. Mojíre ti bí ọmọkùnrin sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀la ni wọn yóò sọ ọmọ lórúkọ, Ìyá Mojíre sì fẹ́ kí orúkọ tí òun fún ọmọ dé ibẹ̀ kí ti ẹbí ọkọ òun tó dé. Lágúnjú gbà pé kò sí ẹ̀rọ kan ní gbogbo Ifẹ̀ tí kò bẹ̀rù òun. Kò tíì bá Ìyá Mojíre ṣiṣẹ́ rí ni.

"Àbí ẹ ò kúkú fi tẹlifóònù sọ ọ́ fún un, mà?"

"Tẹlifóònù wo? Tí mo bá fi máa pariwo kí Lọ́ńdọ̀nù tó gbọ́, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ orúkọ ọmọ ṣáájú ìyá rẹ̀. So wáyà rẹ, jàre."

Lágúnjú so ó tán, ó nu ọwọ́. "Íńtánẹ́ẹ̀tì ti dé ẹnu ọ̀nà, mà. Ó ku ká ti ilẹ̀kùn."

"Mo ti ti iwájú, mo ti ti ẹ̀yìn."

"Ti inú wáyà ni mo ń wí. Olè ń gba inú wáyà wọlé."

Ìyá Mojíre tẹjú mọ́ wáyà náà, tí kò ju okùn bàtà lọ. "Olè tó bá lè gba ibí yìí kọjá, oúnjẹ ló ń wá, kì í ṣe ẹrù."

"Lẹ́tà yín ni yóò jí kà, mà! Ẹ gbọ́dọ̀ ní páswọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ kan ni, tí ẹ máa tẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ láyé yìí àfi ẹ̀yin."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni, mà."

"Ó ti yá. Orúkọ ọmọ Mojíre ni."

Lágúnjú na ìka sórí kọ̀ǹpútà. "Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni? Ta ní í pe orúkọ ọmọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé?"

"Màámi, èmi ni mo ń so ẹ̀rọ yìí!"

"Ìwọ náà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni. Kọjú sógiri."

Lágúnjú kọjú sógiri. Ó ti pẹ́ tí Ìyá Mojíre ti ń fi òwú kọ orúkọ sára yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, kò sí lẹ́tà tí kò mọ̀. Ibi tí wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí lórí kọ̀ǹpútà ni kò mọ̀. Ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pa ìdun.

"Ta ló to lẹ́tà báyìí? Kí ni A ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ S?"

"Bí wọ́n ṣe ń tò ó lókè òkun nìyẹn, mà."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n tò. Lágúnjú! Mo tẹ̀ ẹ́, ìràwọ̀ ló ń yọ!"

"Ẹ̀rọ ló ń bò ó, kí ẹlòmíràn má baà rí i."

"Wò ó, ẹ̀rọ yìí lẹ́kọ̀ọ́ jù ọ́ lọ."

Lágúnjú padà sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì kan, àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà sì figbe ta.

"Kí ló ń dùn ún?"

"Ó ń pe íńtánẹ́ẹ̀tì ni, mà. Bó bá ti dákẹ́, a ti wọlé nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kan tẹlifóònù o!"

Àpótí dákẹ́. Lágúnjú ṣe fáàrí díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú ife omi rẹ̀. Kí ó tó gbójú sókè, ìlà ti já.

"Màámi! Kí lẹ ṣe?"

Ìyá Mojíre di tẹlifóònù mú létí. "Ó dákẹ́ jù. Mo ní kí n wò ó bóyá ó ṣì ń mí."

Kọ̀ǹpútà tún béèrè páswọ́ọ̀dù.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ sọ orúkọ yìí kí n yára tẹ̀ ẹ́. Bí a bá ní ká ṣe é bíi tàkọ́kọ́, ilẹ̀ á ṣú."

"N ò sọ."

Inú bí Lágúnjú. Ta ni yóò gbọ́ ní yunifásítì pé ìyá aránṣọ ló ti òun mọ́ta? "Kò burú. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bàbá Mojíre kú lọ́dún tó kọjá, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Mojíre wá bí ọkùnrin. Ṣé orúkọ yẹn tún ṣòro?"

Ó tẹ Babátúndé. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́.

Ìyá Mojíre bu ẹ̀pà sẹ́nu. "Tún un wò."

Ó tẹ Babáwálé. Ẹ̀rọ tún kọ̀, ó wá kọ ọ̀rọ̀ pupa kan sí i. Lágúnjú ká ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan, mà. Bí a bá tún ṣì í, ó di ọjọ́ Ajé kó tó ṣí."

Ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Mojíre. "Ọjọ́ Ajé? Ọmọ tí wọ́n ń sọ lórúkọ lọ́la! Ta ló ṣe é bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, mà. Nítorí olè."

"Olè ò tíì dé, ìwọ lo ti fọ́lé. Dìde níbẹ̀!"

Lágúnjú dìde, ó kọjú sógiri láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Ìyá Mojíre tẹ lẹ́tà kan, ó gbàdúrà sí i, ó tẹ òmíràn. Ẹ̀rù ń ba Lágúnjú bí ẹni pé ọmọ tirẹ̀ ni wọ́n ń sọ lórúkọ.

"Ó ṣí!"

"Ọlọ́run ṣeun!"

"Má yíjú! Mo ń kọ̀wé sí ọmọ mi." Ó kọ ọ́, ó kọ ọ́. "Èwo ni mo máa tẹ̀ kó lọ?"

"Ibi tí wọ́n kọ 'Send' sí, mà."

"Ó ti lọ."

Lágúnjú yíjú padà. Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò lè pa á mọ́ra. "Ẹ ṣàánú mi, mà. Bàbá lọ, ọkùnrin dé. Láti ibí títí dé Edunabon, Babátúndé ni gbogbo ayé máa pe ọmọ yìí."

"Òun náà ni ẹbí ọkọ mi ń pariwo. Òun ni mo ṣe ń sáré."

"Kí ló dé? Ẹ ò fẹ́ràn Bàbá ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí lójoojúmọ́." Ìyá Mojíre rọra fìdí lé àga. "Ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni mo fi kúnlẹ̀ kí ọkùnrin yẹn láràárọ̀, Lágúnjú. Bó bá tún padà dé, orúnkún ta ni mo fẹ́ yá?"