Ẹni Tó Pa Awẹ́lẹ́wà

Ààfin ò rí irú ẹjọ́ tó wọlé lánàá rí. Onídìrí ló pe Bàbá Aránbàtà lẹ́jọ́, ó ní bàbá náà pànìyàn.

Bàbá Aránbàtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ti pẹ́ tó ti ń rán bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù onídìrí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò gún ẹnikẹ́ni rí àfi òun fúnra rẹ̀.

"Ta ló pa?" Kábíyèsí béèrè.

"Awẹ́lẹ́wà ni, Kábíyèsí!"

Ààfin ké yéè. Ìjòyè kan di orí mú. "Awẹ́lẹ́wà inú tẹlifíṣọ̀n?"

"Òun ni o! Wáyà tẹlifíṣọ̀n mi já, mi ò rí eré wò lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń ṣe irun ìyàwó ojú ọ̀nà lọ́wọ́, mo bá ní, 'Bàbá, ṣé ẹ wo Awẹ́lẹ́wà lánàá?' Wọ́n ní àwọn wò ó. Mo ní, 'Kí ló ṣẹlẹ̀?' Wọ́n ní, 'Ó kú.' Sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi, Kábíyèsí! Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, apá kan orí ìyàwó ti dán bí abọ́. Fìlà bàbá rẹ̀ ló dé lọ síbi ìgbéyàwó!"

Kábíyèsí fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kò tíì tán. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ti ṣọ́ọ̀bù pa, tí mò ń sunkún. Ọjọ́ kẹrin, wọ́n tún wáyà ṣe, mo tan tẹlifíṣọ̀n, àfi Awẹ́lẹ́wà tó jókòó tó ń jẹ búrẹ́dì! Òkú ń jẹ búrẹ́dì! Táwẹ̀lì ni mo ró sá jáde, inú gọ́tà ni mo já sí." Ó na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ wé jáde kí gbogbo ayé rí i.

"Aránbàtà, kí ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe fún ọ?"

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Mi ò mọ̀ ọ́n rí ni. Tẹlifíṣọ̀n tèmi, àwòrán ló kọ́kọ́ lọ, ohùn tẹ̀ lé e, mo bá sọ ọ́ di tábìlì. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ń sọ̀rọ̀ eré yìí lórí mi. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á bú ọkùnrin kan, màá bá wọn bú u, mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo ní mi ò wò ó, ńṣe ni wọ́n wò mí bí ẹni tó ti ibojì dé. Àtọdúnmọ́dún, ọjọ́ tí onídìrí béèrè yìí ni ẹnìkan kọ́kọ́ bi èmi gan-an léèrè. Ṣé kí n tún ní mi ò mọ̀ ni?"

"Ìyẹn lo ṣe pa á?"

"Ó kọ́kọ́ wù mí kí n ní ó lóyún. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ó ní ọkọ, mi ò sì fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́."

Ẹ̀rín sọ. Ìtìjú bo Bàbá Aránbàtà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀.

"Kì í ṣe òun nìkan!" onídìrí pariwo. "Télọ̀ àti onígbàjámọ̀ náà ní àwọn rí i nígbà tó kú!"

Wọ́n ti àwọn méjèèjì síwájú.

"Mo wò ó, Kábíyèsí," télọ̀ wí. "Odò ló gbé e lọ."

"Irọ́!" onígbàjámọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ọkọ̀ ló kọ lù ú, ojú mi báyìí!"

"Ọkọ̀ ọ̀hún ló gbé e já sódò."

"Orí òkè ni! Odò wo ló gun òkè?"

"Òjò rọ̀!"

"Ẹ dákẹ́!" Kábíyèsí lu apá àga. "Ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì, ìgbà wo ló kú?"

Onígbàjámọ̀ họ orí. "Ẹnu Bàbá ni mo ti gbọ́, Kábíyèsí. Bí mo bá ní mi ò wò ó, ta ni yóò jókòó sórí àga mi?"

"Èmi náà," télọ̀ wí jẹ́jẹ́, "látìgbà tí mo ti bí ìbejì, àwọn nìkan ni mò ń wò."

Kábíyèsí yíjú sí àwọn ìjòyè. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń wò ó?"

Gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń ka pákó àjà. Kábíyèsí wúkọ́. "Ó dáa. Kí á má tan ara wa. Bí ẹ bá ti ń sọ ọ́, èmi náà kàn ń mi orí ni."

Ó wá dájọ́.

"Aránbàtà, o jẹ̀bi. O máa rán bàtà fún ìyàwó onífìlà, kí ojú èèyàn lè kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ẹni tó bá ya ẹnu pé 'Ṣé o wò ó?', tí wọ́n sì fèsì pé àwọn ò wò ó, kó jókòó, kó rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fo ìkankan. Onídìrí, ó yá."

"Kábíyèsí! Eré yẹn ti di ọdún mẹ́sàn-án!"

"Ẹ bu omi fún un."

Onídìrí bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá tó bí ìyá Awẹ́lẹ́wà. Nígbà tí oòrùn yẹ̀, ìyá àgbà ò tíì rí ọkọ fẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì dìde. Télọ̀ ti ká ẹsẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá Aránbàtà ń fi ìdí wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé iwájú pátápátá.

"Ni olówó yẹn bá ní òun ló ni oyún ìyá àgbà," onídìrí wí.

"Irọ́ ni!" Bàbá Aránbàtà fò dìde, ó ń na ìka. "Kì í ṣe òun ló ni ín! Ẹ má gbé ọmọ náà fún un o!"

"Aránbàtà, jókòó!" Kábíyèsí jágbe mọ́ ọn, ó ń na ọrùn. "O ò jẹ́ kí á ríran!"