Verna Pe Ọkọ Rẹ̀ Lẹ́jọ́ Nítorí Àlejò Ọmọ Ọdún Mẹ́fà

Ẹjọ́ àlejò kan dé ààfin wa lọ́sàn-án àná, àlejò náà kò sì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ilé panápaná ni ààfin wa ní Turley Creek. Wendell Hatcher, ọ̀gá panápaná, ni olóyè ibẹ̀. Àga tí wọ́n tú lára ọkọ̀ iná àtijọ́ ni ìtẹ́ rẹ̀, sípánà ńlá kan sì ni ọ̀pá àṣẹ rẹ̀. Kóòtù ìjọba wà nísàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n epo tí yóò gbé èèyàn débẹ̀ máa ń ju ohun tó ń jà lé lórí lọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ Wendell la ń kó ìjà wa lọ. Kò ní àṣẹ kankan lábẹ́ òfin. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó kọ ìdájọ́ rẹ̀ rí, nítorí ẹni tó bá kọ̀ ọ́ kò ní jẹ ẹ̀wà alẹ́ Sátidé nílé panápaná mọ́.

Verna Stidham ló pẹjọ́. Delbert ọkọ rẹ̀ ló pè lẹ́jọ́. Wọ́n fún Verna ní àga, kò jókòó. Ó ti ro ohun tí yóò sọ láti ilé wá, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá jókòó ti ọkùnrin náà, àánú rẹ̀ yóò ṣe òun.

Maylee, ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn, wà nínú ọkọ̀ iná tuntun lẹ́yìn wọn. Wọ́n ti yí gíláàsì ọkọ̀ náà sókè kó má bàa gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ó dé akoto, ó ń yí ọwọ́ ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan.

"Verna, kí ni ọkọ rẹ ṣe?" Wendell bi í.

"Ó jẹ oúnjẹ oṣù kan tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Olóyè. Orí fóònù ló ti jẹ ẹ́."

"Delbert lè ṣe é," ni Imogene wí. Imogene ló ń se ẹ̀wà Sátidé, òun sì ni gbogbo ìgbìmọ̀ tí olóyè ní. "Mo ti rí i níbi tó ti ń jẹun."

"Imogene, jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

"Ẹ mọ̀ pé à ń gba Maylee tọ́ láti ìgbà yìnyín," ni Verna wí. "Ọ́fíìsì ọmọ ń fún wa lówó ìtọ́jú rẹ̀ lóṣooṣù. Bàtà rẹ̀, aṣọ òtútù rẹ̀, eyín rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ń bá lọ. Èmi àti Delbert ní káàdì oúnjẹ tiwa tí ìjọba ń fi owó sí, nítorí owó tí wọ́n ń fún un látìgbà tí iṣẹ́ kùsà ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ kò tó gbọ́ bùkátà. Ọ́fíìsì oúnjẹ á wá máa pè lọ́dọọdún, wọ́n á bi wá pé ẹni mélòó ló wà nínú ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa pè, èmi ni mo gbé Maylee lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Mo kìlọ̀ fún ọkùnrin yìí kí n tó jáde. Mo ní, 'Delbert, bí wọ́n bá bi ọ́ nípa ọmọ, sọ pé àlejò tó ń jẹun lọ́dọ̀ wa ni. Bí òfin wọn ṣe ń pe ọmọ àgbàtọ́ nìyẹn. Bí o bá kà á mọ́ ìdílé, wọ́n á ka owó ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ owó tiwa.'"

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní mẹ́ta ni wá."

Imogene mi orí. Wendell wo Delbert. Delbert wo bàtà ara rẹ̀.

"Ni wọ́n bá ka owó bàtà ọmọ mọ́ owó wa," ni Verna ń bá a lọ, "wọ́n ní a ti di olówó. Ohun tí wọ́n fi sórí káàdì oṣù yìí kò ra ju ẹ̀wà àti ìyẹ̀fun àgbàdo lọ. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ọmọ sì ń bọ̀ wá wo ilé wa lọ́jọ́ Ajé. Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣí fíríìjì. Bó bá ṣí i tó ṣófo, ta ni wọ́n máa gbé lọ nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Ó ti fẹ́ fi ẹ̀rín parí ọ̀rọ̀ náà, kò rí i rín. Láti ọjọ́ tó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kò ti sùn dáadáa, ẹ̀rù ọjọ́ Ajé sì ń bà á ju ebi lọ.

"Delbert, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Olóyè, ṣùgbọ́n ajá ló fà á. Ó ń gbó, mi ò gbọ́ ìbéèrè dáadáa."

"Irọ́ ni," ni Clovis wí láti ẹ̀yìn. Clovis ni aládùúgbò wọn, ọ̀rẹ́ Delbert àtìgbà èwe. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n pè é, Delbert ló sì pè é. "Ajá ń sùn. Abẹ́ ọkọ̀ la wà, èmi àti ẹ̀. Ohùn obìnrin ọ́fíìsì oúnjẹ ń jáde kedere nínú fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ní, 'Sà, kò pọn dandan kí ẹ ka ọmọ àgbàtọ́ mọ́ ọn.'"

"Abẹ́ ọkọ̀?" ni Verna wí. "Ó sọ fún mi pé orí òrùlé lòún wà, òun ń dí ibi tó ń jò."

"Orí òrùlé kọ́, abẹ́ ọkọ̀ kọ́," ni Imogene wí. "Ìdí tábìlì mi níbí ló wà. Ó ń jẹ búrẹ́dì àgbàdo nígbà tí fóònù dún. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ tó ní méjì."

"Mẹ́ta ló ní."

"Clovis, méjì."

"Abẹ́ ọkọ̀ ni mo ti gbọ́ tèmi, mẹ́ta ló sọ."

Wendell fi sípánà lu àgbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Delbert, ẹnì kan ṣoṣo ni ọ́, o sì wà níbi mẹ́ta. Ìpè mélòó ni wọ́n pè ọ́?"

"Méjì, Olóyè. Àkọ́kọ́ gé."

"Kò gé," ni Imogene wí. "Ìwọ lo gé e. O sọ pé méjì, o ní 'ẹ dúró ná, mà,' o bá tẹ̀ ẹ́ pa. O ò tiẹ̀ jẹ búrẹ́dì yẹn tán. Mo rò pé ara rẹ ò yá ni."

"Clovis, ta ni ìwọ ń jẹ́rìí fún gan-an?" olóyè bi í.

"Oúnjẹ alẹ́ ilé Verna ni mò ń jẹ́rìí fún. Ojoojúmọ́ ni mò ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Bó bá ti tán ní tiwọn, ó tán ní tèmi."

Wendell tẹ̀ síwájú lórí ìtẹ́. "Delbert, o sọ méjì, o tún sọ mẹ́ta. Ta ló bí ẹnì kẹta láàárín ìpè méjì?"

Delbert dìde. Ó jọ pé òun náà ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé.

"Olóyè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ àlejò. Àlejò a máa kan ilẹ̀kùn. Àlejò a máa tọrọ. Ọmọ yẹn ti gba ìrọ̀rí mi. Ó gba àga mi níwájú tẹlifíṣọ̀n, mo ń wo bọ́ọ̀lù láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Duke ni mo sọ ajá mi láti kékeré. Maylee ní rárá, Pancake ló ń jẹ́. Mo pe Duke láàárọ̀ yìí, ajá ò wò mí. Lọ́jọ́ọ̀sí, mo ní kó fún mi ní bisikíìtì kan nínú bisikíìtì tí èmi fúnra mi rà, ó ní àfi kí n sọ pé ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó ń ṣe báyẹn, àlejò ni? Bí wọ́n bá ní olè ni, màá gbà. A sì ti kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí n má ṣe parọ́ fún ìjọba."

"Ìwọ yìí?" ni Wendell wí. "Ìwọ tó ń pa àgbọ̀nrín kí àkókò ọdẹ tó tó?"

"Ìjọba ò bi mí nígbà yẹn."

Imogene rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Verna náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rín, ó há a mọ́ra, ó ní, "Ẹ bi í ní òdodo ọ̀rọ̀, Olóyè. Èmi ni mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Ohun tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ bisikíìtì."

Delbert bojú wo ọkọ̀ iná. Maylee ń fi ẹnu ké bíi fèrè ọkọ̀ iná níbẹ̀, ó ń pa iná tí òun nìkan ń rí. Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe ń jáde lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, ó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, 'Ó dàbọ̀, Papaw.' Kò pè mí ní bàbá àgbà rí. Láti ìgbà yìnyín, 'Ọ̀gbẹ́ni Delbert' ni. Mo wá jókòó níbí, fóònù dún, mo ní méjì. Olóyè, ọ̀rọ̀ yẹn há mi lọ́fun ju búrẹ́dì lọ. Ilé mẹ́rin ló ti gbé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ibi gbogbo ló ti jẹ́ àlejò. Nígbà tí wọ́n tún pè, mo ní mẹ́ta."

Clovis ń wo òrùlé.

Verna kò mọ ìgbà tó jókòó. Òun ló ń di irun ọmọ náà láràárọ̀. Òun ló di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ eyín rẹ̀. Miss Verna ni ọmọ náà ń pe òun títí di òní. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń jowú, ó mọ̀ dájú pé owú ni, ojú sì tì í.

"O ò sọ fún mi," ni ó wí.

"Mo mọ̀ pé Miss Verna ló ṣì ń pè ọ́," ni Delbert wí. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Wendell gbé sípánà sórí itan.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń pa iná ìlú yìí. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ ń pè mí nínú ìwé wọn? 'Ohun èlò tí a kì í sanwó fún.' Èmi àti páìpù omi la jọ wà lórí ìlà kan. Ṣé mo ti wá di páìpù?"

"Ìyàwó rẹ ní ó ti ń kù díẹ̀," ni Imogene wí.

"Ohun tó bá wu ọ́fíìsì ni kó máa pe ọmọ. Wọn ò dé ilé ìdáná Verna rí. Delbert, wàá pe obìnrin náà padà nísinsìnyí lójú mi. Wàá sọ pé méjì ni yín, ọmọ àgbàtọ́ kan sì ń jẹun lọ́dọ̀ yín. Owó bàtà á padà di owó bàtà, káàdì á sì padà bọ̀ sípò. Ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í wò ó, ṣùgbọ́n igba èèyàn náà gbọ́dọ̀ jẹun."

"Mo máa parọ́ nìyẹn, Olóyè."

"Mo ti ro ìyẹn. Ilé tó bá sọ pé òun ní àlejò gbọ́dọ̀ ní àlejò. Láti òní títí káàdì yóò fi kún, ìwọ Delbert Stidham ni àlejò ilé náà. O ò gbọdọ̀ wọlé láìkan ilẹ̀kùn. O ò gbọdọ̀ ṣí fíríìjì láìtọrọ. Orí àga tí wọ́n ń ká ni wàá máa jókòó. Ohun tí wọ́n bá bù fún ọ, wàá jẹ ẹ́, wàá sì yìn ín, bó tilẹ̀ jóná. Bí o bá jẹun tán, wàá ní kí wọ́n jẹ́ kí o fọ abọ́. Wọ́n á sì jẹ́ kí o fọ ọ́."

Clovis bú sẹ́rìn-ín.

"Clovis, ìwọ tí kì í ṣe ará ilé, tí kì í sì í ṣe àlejò, ẹran àgbọ̀nrín tí o kó pamọ́ sínú ẹ̀rọ dídì rẹ, gbogbo ẹ̀ ni kó o gbé lọ sí ti Verna kí ọjọ́ Ajé tó pé. Kí ẹni tó bá ṣí fíríìjì bá ẹran pàdé."

Ẹ̀rín Clovis dá wáí.

"Èmi ńkọ́?" ni Verna bi í.

"Ìwọ? Ọkùnrin tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ní bàbá àgbà lo fi fóònù ìjọba sílẹ̀ fún. Ìyà tìrẹ ni pé kó o máa tọ́jú àlejò."

Delbert pe ọ́fíìsì oúnjẹ. Wọ́n fi orin dá a dúró lórí fóònù fún ìgbà pípẹ́, gbogbo ààfin ń dúró. Nígbà tí ohùn èèyàn dé, ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Méjì, mà." Ìgbà yẹn gan-an ni Maylee rí bọ́tìnnì tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn. Fèrè ọkọ̀ iná ké, ajá gbogbo òkè Turley Creek dáhùn. Nígbà tí wọ́n pa fèrè náà, obìnrin orí fóònù ní òun ò gbọ́, kí sà tún un sọ. Delbert tún un sọ. Ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó yíjú padà, Verna sì rí i.

Nírọ̀lẹ́, Verna gbé ẹ̀wà kaná. Maylee jókòó sórí àga Delbert, Pancake wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ṣàlàyé ìdájọ́ fún un, bí eré ni wọ́n ṣe sọ ọ́, ó sì gbà á bí ẹni gba oyè. Nígbà tí ilẹ̀kùn dún, òun ló sáré lọ.

"Ta nìyẹn?"

"Àlejò ni, mà."

"Àlejò wo?"

"Delbert Stidham."

"Ẹ nu ẹsẹ̀ yín."

Wọ́n gbọ́ tó ń nu ẹsẹ̀. Maylee yíjú sí ilé ìdáná, ó kígbe bí ẹni tó ti ń kígbe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i: "Mamaw, àlejò wa ti dé. Ṣé kí n jẹ́ kó wọlé?"

Verna dúró, ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò pè é ní ìyá àgbà rí. Omi tán nínú ẹ̀wà, ó ń gbọ́ bó ṣe ń ta, kò rò ó.

"Jẹ́ kó ṣì dúró síta díẹ̀," ni ó wí, ó sì fi etí aṣọ nu ojú.

Ẹ̀wà náà jóná dé àárín ìkòkò. Àlejò jẹ ẹ́, ó yìn ín, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun fọ abọ́.