Ìbọn Bàbá Sàfí Kì í Tètè Dáhùn

Ọdún tí àpò àlùbọ́sà kan di ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún fráǹkì lọ́jà Atakpamé ni ọkọ mi tó ti kú dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in. Èmi náà ti rín in, àmọ́ ìgbà tí mo délé tán ni. Níbi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹnu mi gbẹ bí èèpo àlùbọ́sà tí mò ń tà. Ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́kàn mi títí di òní, kò sì jọ pé ó ń múra àtilọ.

Àlùbọ́sà ló fà á. Nígbà tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀, olè ò wo wúrà mọ́. Wọ́n já ìsọ̀ obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n kó gbogbo àpò àlùbọ́sà rẹ̀ lọ, wọ́n sì fi owó tó wà nínú agolo sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo wá rántí pé Bàbá Sàfí, ọkọ mi olóògbé, fi ìbọn ìléwọ́ kan sílẹ̀ nínú àpótí. Òyìnbó kan tó ń ra òwú láyé àtijọ́ ló fún bàbá rẹ̀, nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílé. Kékeré ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àárín rẹ̀ dà bí agolo oníhò tó ń yí, inú àwọn ihò yẹn ni wọ́n ń ki ọta sí. Àwọn ọta ọ̀hún sì wà nínú ìgò oògùn, wọ́n tín-ín-rín bí ìdí lẹ́ẹ̀dì tí àwọn ọmọ fi ń kọ̀wé. Ẹnikẹ́ni ò yìn ín rí nílé wa.

Síńgílẹ́ẹ̀tì Bàbá Sàfí ni wọ́n fi di ìbọn náà. Bí mo ṣe tú u, òórùn róòbù tó máa ń fi pa orúnkún jáde gbuu, bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú yàrá. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí a ti sin ọkùnrin yẹn. Mo wo ẹ̀yìn mi. Mo ní, "Bàbá Sàfí, ẹ kúulé o." Àwàdà ni mo fi ṣe. Ṣùgbọ́n mo dúró díẹ̀, bóyá wọ́n á dáhùn.

Ẹni kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó gbọ́ èdè ìbọn ni Kọ́sí. Kọ́sí yìí, ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé níhìn-ín ni, ó ń gbin iṣu ní Akparé, ó sì ń pa ọ̀yà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó fẹ́ fẹ́ mi. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló máa ń wá ra àlùbọ́sà tí kò nílò, á wá dúró, á fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. "Ìyá Sàfí, ṣé ẹ ti ronú?" Màá ní mò ń ronú. Ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ń lọ mọ́ṣáláṣí. Ìyẹn ò dí mi lọ́wọ́, ọjọ́ ìsinmi méjì la máa ní lọ́sẹ̀. Ohun tó dí mi lọ́wọ́ ni ẹni tó kú.

Ẹ ò mọ Bàbá Sàfí. Ẹ bi í ní nǹkan, á dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ ó dúró títí, á sú yín. Ìgbà tí ẹ bá ti kẹ̀yìn sí i, tí ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ bi í, ìgbà yẹn ni yóò bú ramúramù lẹ́yìn yín débi tí adìyẹ á fi ẹyin sílẹ̀ sá lọ. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, mo bi í bóyá mo lè fẹ́ ọkọ míì lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri. Mo dúró de ariwo. Ikú ló kọ́kọ́ dé. Ìbéèrè náà wá ń bá mi gbé láti ìgbà náà, n ò lè dá Kọ́sí lóhùn bẹ́ẹ̀ ni n ò lè lé e.

Mo pinnu pé lọ́jọ́ tí mo bá gbé ìbọn lọ bá a lóko kó lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yìn ín, màá sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún un, kí ara wa lè balẹ̀.

Ọyẹ́ bo òkè mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Téèyàn bá dúró síwájú ebè, kò ní rí igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́sí gbé alùpùpù rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan, ó lọ gbé agolo tòmátì lé orí ògán. Ó nu ìbọn, ó ki ọta sí i, ó na ọ̀kan sí mi kí n wò ó.

"Ìyá Sàfí, ọta ìbọn tiwa, àárín ìdí ni òòlù ti ń gbá a. Èyí yàtọ̀. Etí ni wọ́n ti ń gbá a."

"Etí? Kí ló ṣe tí wọ́n fi ń gbá a létí?"

"Etí ìdí rẹ̀ yìí ni mo ń wí. Ibẹ̀ ni iná rẹ̀ wà."

"Ó ń gbọ́ràn nìyẹn. Ó sàn ju àwọn kan lọ."

"Wọ́n ti gbó jù. Òmíràn á gbọ́, òmíràn ti dití. Tẹ́ ẹ bá fà á tó dákẹ́, ẹ má yíjú padà o. Ẹ jẹ́ kó kọjú sí ògán. Nígbà míì ó máa ń pẹ́ kó tó gbọ́."

Ọ̀rọ̀ etí yẹn ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ èyí tó kù. Tó bá jẹ́ ti adití, èmi ni mo dití jù nínú oko lọ́jọ́ náà.

Mo na ìbọn jìnnà sí ara mi bí ẹni tó di eku mú nírù, mo dijú, mo fà á. Pá! Mo bá ara mi ní ìjókòó lórí ebè. Agolo tòmátì ò mira. Ògán pàápàá ò mira.

Kọ́sí ní, "Ìyá Sàfí, ọyẹ́ lẹ yìn ín fún."

Mo dìde, mo gbọn ìdí, mo tún fà á. Kẹ́. Kò sí nǹkan kan. Gbogbo oko dákẹ́, ẹyẹ kan ò ké. Òórùn róòbù yẹn sì tún dé, bẹ́ẹ̀ ilé ni mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì sí. N ò mọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo yíjú sí Kọ́sí, tìbọn-tìbọn lọ́wọ́.

"Kọ́sí, ẹni tó ni ìbọn yìí ló ń dá mi dúró. Mo bi wọ́n bóyá mo lè fẹ́ ọkọ míì, wọn ò dáhùn títí wọ́n fi kú. Bàbá Sàfí! Ṣé ẹ gbọ́?"

Pá!

N ò rí Kọ́sí mọ́. Ọyẹ́ nìkan ni mo rí, àti èéfín. Mo wá ń gbọ́ nǹkan tó ń kán sílẹ̀, tó, tó, tó. 

"Kọ́sí, ṣé o ti kú?"

Ohùn kan jáde láàárín ebè méjì. "N ò mọ̀."

Ó yẹ ara rẹ̀ wò láti orí délẹ̀, kò rí ojú ọgbẹ́. Òórùn ẹsáǹsì, epo alùpùpù, ló jẹ́ ká mọ ẹni tí ọta bà. Ó ti dá ihò sí táńkì alùpùpù. Kọ́sí gba ìbọn lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí wọ́n ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wèrè, ó ní kí òun yin èyí tó kù dànù. Ó kọjú rẹ̀ sí ògán, ó fà á. Kẹ́. Ó wò mí. Ó pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó kú, jẹ́jẹ́, "Ajó?" Ìbọn náà ò dá a lóhùn. Ẹnu mi ló yọ̀, n ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo ní, "Bàbá Sàfí."

Pá! Agolo tòmátì fò kúrò lórí ògán.

 A bẹ̀rẹ̀ sí í ti alùpùpù lọ sójú títì, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Kọ́sí wo ẹ̀yìn títí, èmi kọ́ ló sì ń wò. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá Sàfí, ó kọ̀ fún ọ." Ìbẹ̀rù ti gba "yín" ọ̀wọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Mo bá ọkùnrin yẹn gbé títí orí mi fi hu ewú. Tó bá gbà, ariwo ló ń pa. Tó bá kọ̀, ariwo kan náà ni. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti gbọ́. Ìyẹn tó mi."

Ó ti alùpùpù lọ díẹ̀ sí i. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti ronú?"

"Mo ti ronú. Máa tì í lọ."

Mo gbé ìbọn náà fún àwọn jàndámù, ọlọ́pàá ìjọba. Ọ̀gá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi mí bóyá ó ṣì ń yìn. Mo ní ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá pè ló wà. Ó rò pé orí mi ti dàrú, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Kó tì í dáadáa.

Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Tí ìbọn bá dákẹ́, ẹ má kẹ̀yìn sí i. Ìbéèrè tí ẹ bá sì ti mọ ìdáhùn rẹ̀ nínú ara yín, ẹ má lọ jí òkú sí i. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá ń sọ ọ́, àmọ́ ẹ kíyè sí i, mo máa ń wo ẹ̀yìn mi kí n tó dárúkọ Bàbá Sàfí. Kọ́sí sì ń bẹ nílé mi báyìí, ó ń hó iṣu. Ajórin tó wà lẹ́bàá ọjà ló dí ihò táńkì náà, èmi ni mo sanwó. Ó ṣe tán, àwọn míì ń ná ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó rí ọkọ. Tèmi ná mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àti ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta fráǹkì.