Bí Mo Ṣe Fi Ìwé Hàn Pé Ẹ̀rọ Gàrí Ń Fa Ebi

Mo lè gbàgbé orúkọ ara mi lọ́jọ́ kan, àmọ́ kò sí bí mo ṣe fẹ́ gbàgbé ọjọ́ tí mo dúró níwájú àwọn obìnrin àdúgbò Djègan-Kpèvi pẹ̀lú bébà ńlá kan, tí mo sì fi ayọ̀ kéde pé ìrànlọ́wọ́ tí a ṣe fún wọn ti fi ebi kún ebi wọn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀ ná, ẹ óò ráyè fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lísánsì nínú ìmọ̀ ìṣirò nígbà yẹn. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí: kò sẹ́ni tó gbọ́n lójú ẹ mọ́. Ilé iṣẹ́ kan ní Porto-Novo níbí, tó ń ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí nǹkan ò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́rùn fún, gbà mí síṣẹ́. Dírẹ́tọ̀ wa, ọkùnrin kan tí kì í la ẹnu àfi lédè Faransé, ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. Pùrójẹ́ wa, ìyẹn ètò ìrànlọ́wọ́ náà, fẹ́ gbé ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ fún ogún obìnrin tó ń yan gàrí ní Djègan-Kpèvi, torí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ títí ìka wọn á fi bó. Kì í ṣe pé wọ́n fún wọn pátápátá o. Èmi máa lọ béèrè bí ìgbé ayé wọn ṣe rí kí ẹ̀rọ tó dé, màá sì tún lọ béèrè lẹ́yìn ọdún kan. Bí ìdáhùn kejì bá dára ju ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ di tiwọn. Bí kò bá dára jù ú, wọ́n á gbé e lọ fáwọn ará Akpro-Missérété. Ìbéèrè pọ̀ nínú ìwé náà, àmọ́ ọ̀kan ni gbogbo wọn rọ̀ mọ́: ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ jẹun nínú ilé yín lánàá?

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mọ́tò ńlá bìró, ìyẹn ọ́fíìsì wa, ló gbé mi. Mo wọ sáyà, ìyẹn síkẹ́ẹ̀tì, tó fún mi pinpin, mo wọ bàtà gogoro, mo sì gbé awò ojú kan wọ̀ tí dókítà kankan ò sọ pé kí n lò. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé dé. Bí mo ṣe sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ báyìí, gìgísẹ̀ bàtà wọ inú èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti rà, ó há síbẹ̀. Mo fà á, kò wá. Mo tún fà á, ẹsẹ̀ wá, bàtà dúró. Àwọn obìnrin méjì ló bá mi hú u jáde, wọ́n fi omi ṣàn án, wọ́n sì kúnlẹ̀ bọ̀ ọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura pé nǹkan ò rí bó ṣe yẹ kó rí.

Ìyá Ràfíátù ni olórí wọn, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ lè bo ohùn ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Ó gbé àga kan ṣoṣo tó wà nílé jáde fún mi, òun alára jókòó sórí àpótí. Mo ṣí ìwé, mo sì ń kà á jáde bí ẹni ń ka kátíkísìmù. Ilé Àgùdà ni wọ́n ti bí mi ní àdúgbò Akron ní Porto-Novo níbí, ìyẹn ò lè ṣòro fún mi.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ jẹun nínú ilé yín lánàá?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, Madamu. A dúpẹ́."

Mo kọ mẹ́ta. Ilé kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, a dúpẹ́. Ilé kẹta, bákan náà. Obìnrin kan tiẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọkọ rẹ̀ sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni mo bá kọ mẹ́rin. Mo parí ogún ilé, inú mi ń dùn pé iṣẹ́ yá. Ẹ gbọ́ o, èmi tí ìyá mi tọ́ pé bí mo bá dé ilé onílé, tí wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, kí n sọ pé mo ti yó, kódà kí inú mi máa kùn! Wọ́n ti torí ẹ̀ nà mí rí. Èmi yìí kan náà ló ń kọ mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, tí mi ò bi ara mi pé, bí gbogbo wọn bá ń yó báyìí, kí ni pùrójẹ́ wá ń wá níbẹ̀. Lísánsì ti dí mi létí.

Ẹ̀rọ dé. Mọ́tò bìró bàjẹ́ lóṣù kejì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun sẹ́mìjàn lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lórí ọ̀kadà bí gbogbo èèyàn. Sílípáàsì rọ́pò bàtà gogoro. Wọ́n ní kí n wá kọ́ gàrí yíyan, mo sì gbé ọwọ́ lé agbada gbígbóná. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan nínú wọn ní láti jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Madamu kú, "ọmọ wa" ló kù. Mo sì ń fi ojú ara mi rí i pé nǹkan ń sàn. Ràfíátù, ọmọ olórí wọn, tó ti fi lékọ́ọ̀lù, ìyẹn ilé ìwé, sílẹ̀ ti padà síbẹ̀. Ìka àwọn obìnrin náà ti jinná. Torí náà, nígbà tí ọdún pé tí mo fẹ́ lọ béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ọkàn mi balẹ̀ pátápátá.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé wọn ò jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan láìtíì jẹun. Mi ò tíì ṣí ìwé tí wọ́n fi gbé àtàsí síwájú mi, ìrẹsì àti ẹ̀wà, ọbẹ̀ ata ń kán lórí rẹ̀. Mo ní mo ti yó. "Ọmọ wa, ṣé ọwọ́ wa ò mọ́ mọ́ ni?" Mo jẹ ẹ́. Ilé kejì, ẹ̀kọ àti ẹja díndín. Ilé kẹta, àtàsí míì. Mo sì tún ti wọ sáyà pinpin yẹn, torí pé iṣẹ́ bìró ni. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ràfíátù, tí ó ń yan gàrí lọ́wọ́, mo tẹ̀ ba láti kí i, ni bọ́tìnì sáyà mi bá fò, ó bọ́ sínú agbada.

"Ẹ dúró! Ẹ dúró! Ẹ má bu gàrí yẹn o!" Ìyá Ràfíátù pariwo. "Bọ́tìnì bìró ti wọ inú ẹ̀!"

Gbogbo iṣẹ́ dúró. Obìnrin mẹ́fà ń fi asẹ́ wá bọ́tìnì nínú gàrí, èmi náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi ọwọ́ méjèèjì di sáyà mú. Wọ́n rí i nígbẹ̀yìn, ó ti gbóná bí iná. Ìyá Ràfíátù tú ìró òkè rẹ̀, ó fi ró mi nídìí, ó wá jókòó. Mo béèrè ìbéèrè mi.

"Lánàá?" Ó ronú díẹ̀. "Ọmọ mi, kí n má parọ́ fún ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Àárọ̀ àti alẹ́. Ti ọ̀sán ṣì ń ṣòro díẹ̀."

Mo kọ méjì. Ilé tó kàn, méjì. Èyí tó tẹ̀ lé e, méjì. Mo ń kọ ọ́, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, bí mo ṣe máa délé láìjẹ́ pé ìró tú ló wà lọ́kàn mi.

Kọ̀ǹpútà ló bá mi ya àwòrán àbájáde rẹ̀. Mo kó àwọn nọ́mbà sínú rẹ̀, mo yan àwọ̀ tó wù mí, mo sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan nítòsí ilé wa kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó fẹ̀ bí ẹní. Mi ò wò ó. Kí ni mo fẹ́ wò? Ṣebí mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, mo gbà á ní kíká, mo gbé e kọ́ èjìká lórí sẹ́mìjàn, ó sì ń gbá onísẹ́mìjàn lórí ní gbogbo kọ̀rọ̀ tí a bá yà sí.

"Tanti, ṣé ìwé ni àbí kùmọ̀?" ó bi mí.

Ìdí ẹ̀rọ gan-an ni ìpàdé ti wáyé. Láti ìdájí ni àwọn obìnrin náà ti ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń to àga; kò sẹ́ni tó ráyè fi nǹkan kan kan ẹnu. Dírẹ́tọ̀ jókòó níwájú, Madamu òyìnbó kan tó ṣojú fún àwọn tó ra ẹ̀rọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tú bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo kọjú sáwọn èèyàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú Faransé palẹ̀. Mo ní kí wọ́n wo bí nǹkan ṣe yí padà! Mo ní kí wọ́n wo ohun tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè ṣe láàárín ọdún kan!

Dírẹ́tọ̀ wúkọ́. Mo yíjú wẹ̀yìn. Nínú àwòrán náà, òpó aláwọ̀ ewé ni mo fi ṣe ti ìṣáájú, òpó pupa ni mo fi ṣe ti ìsinsìnyí. Ti ewé ga fíofío. Ti pupa lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá wí.

Madamu bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé pé kí a tó dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń jẹun lóòjọ́, ìgbà tí a ràn wọ́n lọ́wọ́ tán, ó di ẹ̀ẹ̀mejì?"

"Àbí ẹ̀rọ ló ń jẹ oúnjẹ wọn?" Dírẹ́tọ̀ bi mí. Kò fi ṣeré.

Títí dòní, mi ò lè ṣàlàyé ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e. Mo ya bébà yẹn kúrò lára ògiri, mo dorí rẹ̀ kodò, mo sì tún un lẹ̀. Gbogbo òpó wá ń rọ̀ wálẹ̀ bí àdán. Madamu yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá bébà mu, ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì náà ṣì ni."

Dírẹ́tọ̀ ò wojú mi mọ́. "Ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé Akpro-Missérété ni ẹ̀rọ ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, obìnrin kan ti gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ, òmíràn sì ń wo ìka ara rẹ̀. Ìyá Ràfíátù dìde.

"Ta ló sọ fún wọn pé à ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá."

Ó wò mí títí. "Ọjọ́ bàtà gogoro!" Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bú jáde, àmọ́ òun ò bá wọn rín in. "Ọmọ mi, lọ́jọ́ yẹn, láti alẹ́ àná ẹ̀ ni iná ò ti jó nílé mi. Ẹ̀ẹ̀kan là ń jẹ nígbà yẹn, ìyẹn tó bá wà. O bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, mi ò mọ̀ ẹ́ rí, aládùúgbò dúró tì mí, o ní kí n sọ bí mo ṣe ń jẹun. Ṣé kí n gbé ìtìjú ilé mi lé ọ lọ́wọ́ ni?"

"Ìgbà tí mo wá lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́?"

"Ìgbà yẹn, o ti di ọmọ mi. Ṣé màá parọ́ fún ọmọ mi ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Omi ti dé ojú mi. Mo sọ ọ́ lọ́nà kan ṣá, Faransé mi ń ṣubú ó ń dìde. Dírẹ́tọ̀ ní ọ̀rọ̀ lásán ni, ta ló fẹ́ gba ìyẹn gbọ́. Madamu ronú, ó kọjú sí Ìyá Ràfíátù fúnra rẹ̀, ó ní kí n béèrè pé, lónìí yìí, ṣé wọ́n ti jẹun?

Mo béèrè. Ìyá Ràfíátù tún ìró rẹ̀ ró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àlejò.

"Sọ fún un pé a ti jẹ, a yó. A dúpẹ́."

"A dúpẹ́ o, Madamu!" ni gbogbo wọn fi ẹnu kan sọ.

"Màmá!" mo pariwo. "Ẹ ò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀!"

"Mo mọ̀! Ṣé ebi ni kí n fi kí àlejò ni?"

Mo túmọ̀ gbogbo ẹ̀, mi ò yọ ẹyọ kan. Madamu wò mí, ó wo Ìyá Ràfíátù tó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ni ẹ̀rín bá gbé e, ó rín in títí ó fi di àyà mú. Nígbà tó dákẹ́, ojú rẹ̀ yí padà. Ó yọ bíìkì tó fi ń kọ̀wé, ó lọ síbi ògiri, ó sì fa ìlà pa gbogbo òpó aláwọ̀ ewé rẹ́.

"Méjì yìí nìkan ni mo gbà gbọ́ nínú ìwé yìí," ó ní. "Ẹ̀rọ ò lọ síbì kankan."

Mi ò tíì túmọ̀ ìyẹn tán tí Ìyá Ràfíátù fi gbá ẹ̀rọ náà mọ́ra, gírísì àti gbogbo ẹ̀, ó ń sunkún, ó ń bú mi, ó ń súre fún mi.

Iṣẹ́ yìí kan náà ni mo ṣì ń ṣe, mo kàn ti mọ̀ pé kì í ṣe ebi wọn ni mo kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí mo ṣe jìnnà sí wọn tó ni mo kọ. Ní báyìí, tèmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo wà ní Akpro-Missérété lọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tí mi ò mọ̀ rí. Kí n tó mú ìwé jáde, mo ní, "Màmá, ebi ń pa mí o. Mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀."

Ó wò mí, ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń gbọ́, ó sì fà sún mọ́ mi.

"Èmi náà, ọmọ mi," ó ní.

Ni àwa méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín.