Ìjẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sapá gidigidi láti gbàgbé rẹ̀. Akọ̀wé ìjọba ni mí ní Ẹ̀pẹ́ nígbà náà, ní ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé. Ìyàwó mi ti lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú, ó wá ku èmi àti Tọ́lá, ọmọbìnrin wa ọlọ́dún márùn-ún. Àníyàn ọmọ yìí kì í jẹ́ kí n sùn. Èmi fúnra mi ni mo ń se omi tí yóò mu, mo sì ń fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, bóyá ara rẹ̀ gbóná.

Olùkọ́ tó máa ń darí ìsìn wa dùbúlẹ̀ àìsàn. Bàbá Ìjọ, arúgbó tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí n dúró fún un. Bí mo bá ṣe é dáadáa, orúkọ mi yóò wọ inú ìwé àwọn tó ń darí ìsìn. Mo fẹ́ ẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo kọ gbogbo ètò sílẹ̀: orin, ìṣẹ́jú mẹ́rin, àdúrà, ìṣẹ́jú méje. Mo fi Tọ́lá jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú, mo ní kó má kúrò níbẹ̀.

Orin àkọ́kọ́ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo dá a sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọkùnrin fi dákẹ́ ní ìlà kejì. Ní ìlà kẹta, èmi náà dákẹ́. Ìyá àgbà kan tó jókòó létí ògiri ló bá mi fà á wálẹ̀, bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ti lọ. Ìbẹ̀rù mú mi ṣí ojú ìwé méjì pọ̀, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í súre ìparí. Àwọn kan ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà wọn kí n tó rí àṣìṣe mi.

Ó wá kan ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé kò kárí ní ìjọ wa, nítorí náà aṣáájú a máa sọ gbólóhùn kan, ìjọ a sì sọ ọ́ tẹ̀lé e. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lajú. Gbólóhùn mẹ́ta lọ dáadáa. Ni mo bá la ojú kan láti wo Tọ́lá. Bẹ́ńṣì ṣófo, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ṣí sílẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀sà.

“Tọ́lá dà?” ni mo wí.

“Tọ́lá dà?” ni ìjọ wí, tìrònú-tìrònú.

“Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni mò ń wá.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni mò ń wá.” Ẹnì kan tilẹ̀ mí kanlẹ̀.

Mo ti ká ẹ̀wù funfun gígùn tí mo wọ̀ fún ìsìn sókè kí n sáré, àmọ́ ẹ̀wù kò tẹ̀lé mi. Ẹnì kan dì í mú lẹ́yìn.

“Ẹ̀yìn yín ni mo wà, Bàbá. Mo rí i pé ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n, ni mo bá wá dì yín mú.” Ohùn Tọ́lá ni.

Ìjọ sọ ọ́ tẹ̀lé e bó ṣe wà, láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé “ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n,” ohùn Bàbá Ìjọ ló ròkè jù.

Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í là lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà etí ògiri ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí ilé ká. Mo ká ìwé ètò mi sápò, mo gbé Tọ́lá, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi parí ìsìn náà. Wọ́n bá mi parí rẹ̀. Ìyá àgbà ló dá orin ìkẹyìn. A kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì wo aago.

Lẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ Bàbá Ìjọ pé kó má wulẹ̀ kọ orúkọ mi. Ó wo Tọ́lá, ó wò mí.

“Akọ̀wé, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ náà ni. Ṣùgbọ́n má fi ẹni tó ń dì ọ́ mú sílé.”

Èmi tí mo rò pé mo ń gbé ìjọ ró, àwọn ni wọ́n ń gbé mi ró, pẹ̀lú ọmọ tí mo ń ṣọ́. Tọ́lá ti di ìyá ọmọ báyìí. Síbẹ̀, bí mo bá dúró níwájú ìjọ, mo máa ń fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀wù mi kí n tó dá orin, ẹ̀rín a sì fẹ́ pa mí. Wọ́n rò pé àdúrà ni mò ń gbà.