Òdòdó Tíṣà Odétọ́lá

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé òdòdó òòjọ́ kì í dúró de alága? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹ fara balẹ̀, kí n là á yé yín.

Tíṣà Odétọ́lá ti fẹ̀yìn tì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin lílì. Lílì yìí, tó bá là láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ń rọ. Yẹ́lò ni gbogbo èyí tó wà nílùú. Tíṣà ní funfun lòun fẹ́, èyí tí yóò máa tanná lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi ń fi ìyẹ́ adìyẹ gbọn lẹ́búlẹ́bú orí òdòdó kan sórí òmíràn, tó ń gbin èso wọn, tó ń fa èyí tí kò dáa tu. Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń pọn omi tí wọ́n ń bu rin ín, kó tó gba ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ ní ìdájí, kì í sì í dé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn ará ìlú ń fi Tíṣà ṣe yẹ̀yẹ́: "Àgbẹ̀ tí kì í kórè!" Ó ń dùn ún gan-an. Gbogbo ohun tó fẹ́ kò ju kí ìlú mọ̀ pé òun ò fi ọjọ́ ogbó òun ṣòfò.

Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn lílì náà rudi mẹ́ta. Èkíní là, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú! Tíṣà sáré lọ bá Olóyè Adégoróyè, alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú.

"Ẹ kọ lẹ́tà wá, Tíṣà."

Kó tó kọ lẹ́tà tán, òdòdó ti rọ. Nígbà tí èkejì là, alága ní ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó lé e lórí ná. Wọ́n jókòó lóòótọ́, ìyẹn náà rọ. Ó wá ku ẹyọ kan. Tíṣà wò ó, ó ní Sátidé ni yóò là. Wọ́n ta tapólì, wọ́n sì fi aṣọ bo òdòdó kí ojú kankan má baà rí i ṣáájú ojú alága. Àyìnkẹ́ wà ní kíṣìnì, ó ń se ìrẹsì àlejò.

Aago mẹ́wàá ni wọ́n pè é. Aago kan ni alága dé. Pásítọ̀ gbàdúrà, Lèmọ́mù gbàdúrà, ìyá ìjọ kan tún dìde pé àdúrà méjèèjì kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n ń pe àwọn èèyàn pàtàkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá gbàgbé á bínú, wọ́n á tún un pè látòkè. Alága sọ̀rọ̀ títí ó fi kan ọjọ́ tí wọ́n bí i.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ ń ṣú lọ," ni Tíṣà wí.

"Sùúrù, Tíṣà, sùúrù."

Nígbà tí alága fi máa ṣí aṣọ, ohun kan bí àkísà tútù ló rọ̀ sórí ọ̀pá òdòdó náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n lọ. Tíṣà wọlé, ó sunkún.

"Báwo tiẹ̀ ló ṣe rí?" ni Àyìnkẹ́ bi í.

Ẹnu ya Tíṣà. Háà! Obìnrin tó pọnmi fún ọdún mọ́kànlá, kò tíì fojú kàn án!

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, òdòdó tún rudi. Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa là, Tíṣà dí ẹnu ọ̀nà.

"Àyìnkẹ́, o ò lọ síbì kankan lónìí."

Wọ́n gbé àpótí, wọ́n jókòó tì í. Ó là díẹ̀díẹ̀ lójú wọn. Àyìnkẹ́ na ìka, ó rọra fọwọ́ kàn án.

"Bàbá Gbóyèga, omi tí mo pọn ló di èyí?"

"Òun ni."

Ọ̀sán ti pọ́n kí ìròyìn tó dé etí alága. Ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n dúró de òun o, òun ń wá agbádá tó yẹ. Tíṣà fẹ́ dìde. Àyìnkẹ́ fà á padà jókòó.

"Bá wa kí Olóyè," ló wí fún ìránṣẹ́, kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára òdòdó. "Sọ fún wọn pé òdòdó òòjọ́ kì í dúró de alága."